Tíréè Tí Mi Ò Kọ Orúkọ Sí

"Ẹ gbé òkúta wá fún mi nínú oṣù kejì, màá mú un hù kí oṣù kẹta tó parí." Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí nìyẹn, mi ò sì ní rẹ́rìn-ín tí mo bá ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí yìí, ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín, bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní Pólì n'Íbàdàn, kí n tó wá dẹni tó ń gbé páálí nílé ìkẹ́rùsí kan ní Woolwich. Níbẹ̀ ni mo ti ń rí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ní atẹ́gùn nínú, táwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ fọ́. Mo fi bo inú ilé gíláàsì tí mo kọ́ sóko láti máa hu irúgbìn látòkè délẹ̀, mo tẹ́ fóòmù sábẹ́ àwọn tíréè tí mò ń gbìn ín sí, mo gbé hítà kékeré sígun. Bí yìnyín bá bo oko níta, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mò ń wọ̀ nínú ibẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ará oko fi ń pè mí ní Ẹnjiníà.

Àlàájà kan ló ni oko tó tẹ̀ lé tèmi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ìyá rẹ̀ kú nílé, wọ́n sì ta ilẹ̀ tó fi ń dáko. Hóró ata rodo mẹ́rìnlá, tó dì sínú bébà, ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ látinú oko yẹn.

"Ẹnjiníà, bá mi tètè gbìn ín sínú ilé gbígbóná rẹ, kó lè so kí òtútù tó tún dé. Mi ò ní òmíràn o."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti hù."

Yẹ̀yẹ́ ni mo ń ṣe! Mo mọ̀ dáadáa pé ata rodo lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀, àmọ́ Àlàájà gba ooru ilé mi gbọ́. Mo gbin tirẹ̀ dáadáa, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Mo wá gbin hóró mẹ́rìnlá lára irúgbìn ewébẹ̀ wínníwínní kan táwọn òyìnbó máa ń fi sáàárín búrẹ́dì, èyí tó ń yára hù, sínú tíréè mìíràn, mo sì ki pátákó "Ata Àlàájà" bọ ibẹ̀. Tíréè ata gan-an ò lórúkọ. Mo ní tó bá yá, màá tú àṣírí, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, Àlàájà rí ewé tútù yọ̀yọ̀. "Allahu Akbar!" Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi títí. Ó pe àbúrò rẹ̀ nílé lórí fóònù: "Ata Màámi ti hù o!" Mo dorí kodò bí ẹni tó ń ṣàmín, ẹ̀rín ló ń gbọ̀n mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ òótọ́ fún un nírú àkókò yẹn? Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ kejì.

Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé gíláàsì náà kó lè máa wá wo ata rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan tí mo wà níbi iṣẹ́, ó wá bá mi tún ibẹ̀ ṣe láti fi dúpẹ́. Ó gbálẹ̀, ó fọ tíréè. Ó rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, kò lórúkọ, nǹkan kan ò hù nínú rẹ̀.

"Mo ti bá ẹ da iyẹ̀pẹ̀ tó ti kú yẹn sórí òkìtì ajílẹ̀ níta," ló wí nígbà tí mo dé. "O ò kì í tún nǹkan ṣe, Ẹnjiníà."

Yìnyín ti bọ́ sórí òkìtì náà. Mo bá jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀ pé inú iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni ata rẹ̀ wà.

"Nígbà tí mò ń ṣàdúrà fún ẹ, ṣé ò ń rẹ́rìn-ín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwàdà bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹlòmíràn gbé lé yín lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kúnlẹ̀ nídìí òkìtì yẹn, mo ń fi ajọ̀ gàrí jọ iyẹ̀pẹ̀. Mo ti rí hóró méjì. Àwọn méjèèjì ti rà. Àlàájà ń kọjá, mo kí i, ó dáhùn. Kò béèrè ohun tí mò ń wá. Ó ṣì ku apá kan tí mi ò tíì jọ̀.