Fíìmù tí Àbúrò Mi Kò Yé Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àbúrò mi, Wálé, máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Padua wá sílé mi ní San Salvario, níbí ní Turin, lórílẹ̀-èdè Italy. Kì í wá jẹun, kì í wá bá àwọn ọmọ mi ṣeré. Fíìmù kan ṣoṣo ló ń wá wò. Yóò ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò, yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi yóò sì máa dà lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin mi a máa bi mí pé, "Mamma, perché piange lo zio?" Kí ló ń pa bùrọ̀dá lẹ́kún? Kí ni kí n sọ fún ọmọdé?

Ọkùnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn bí ọkọ àti aya ni fíìmù náà dá lé lórí. Ọ̀kan jẹ́ apẹja, èkejì jẹ́ olùkọ́. Ìjì pa apẹja lójú òkun, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ilé iṣẹ́ kan ní Settimo, nítòsí Turin níbí, ni Wálé ti pàdé Múfú, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń kírun láàárín páálí ẹrù. Nígbà tí iṣẹ́ tán níbẹ̀, wọ́n jọ kó lọ sí Padua, wọ́n jọ gba yàrá kan. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni àwọn, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, àbí kí n kúkú sọ pé ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Fíìmù yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ èdè Italy. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ, wọ́n á máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá lọ kí wọn, Múfú á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ káàbọ̀." Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n Wálé rí. Òun ló yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà kí èmi náà lè máa fi kọ́ èdè.

Nígbà òtútù tó kọjá, kùrukùru bo títì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Múfú ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, awakọ̀ akẹ́rù kan kò sì rí i, ó gbá a. Kò dé ọsibítù láàyè. Wọ́n bi Wálé pé kí ló jẹ́ sí olóògbé. Ó ní, "Amico." Ọ̀rẹ́. Àbúrò bàbá Múfú wá láti Mestre pẹ̀lú àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kó gbogbo ẹrù olóògbé, títí kan tẹlifíṣọ̀n àti ẹní ìkírun. Wálé ló ń gbé àga fún àwọn tó wá kẹ́dùn, òun ló ń bu omi fún wọn. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, bàbá náà fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n ní kó má sunkún ju ẹbí lọ. Wọ́n gbé òkú lọ sílé ní Ìjẹ̀bú, Wálé kò lè tẹ̀ lé e. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ló kù.

Ọkọ mi ní kí n jù ú nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní Sátidé kan, mo jókòó ti Wálé, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lè fi fíìmù náà sílẹ̀, ṣebí ó mọ bó ṣe parí. Olùkọ́ ti dojú bolẹ̀ sórí pósí nígbà náà, ìyá apẹja sì gbà á mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó," ni Wálé wí. "Níbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó sunkún."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń wàásù nípa irú ìfẹ́ yìí ní ìjọ wa, mo sì ti ṣe àmín sí i. Àmọ́ n ò rí àmín kankan ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn gbá àbúrò mi mú ni.

Ní báyìí, Màmá wa ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti gbọ́ nípa ikú Múfú, ti rí ìyàwó fún un. Ní Sunday tó kọjá, tí Wálé sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi, a lọ tẹ̀ wọ́n láago, Wálé gba fóònù, kò lè kí wọn, ẹkún ló ń sun. Màmá ní kó gbé e fún mi.

"Nígbà tí bàbá yín kú, kò sunkún báyìí. Kí ni Múfú jẹ́ sí ọmọ mi?"

Mo ń wo bí owó inú káàdì fóònù ṣe ń jẹ, títí ó fi tán. Màmá kò bínú, ohùn wọn ló ń dà mí láàmú. Ohùn ẹni tó ti mọ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ fún òun ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òkun sì wà láàárín wa. Sunday ń bọ̀, Màmá á tún jókòó ti fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò, ẹ gbà mí: kí ni kí n sọ fún wọn pé Múfú jẹ́?