Kò Sí Ìgbín Lókè Yẹn

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin ọmọ, Ọlọ́run á tù yín nínú. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ dáadáa nípa olóògbé. Màá sọ ọ́. Àmọ́ inú ń bí mi sí i, ẹ̀yin èèyàn, mi ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí Bàbá Oníkarahun, ẹ mọ iṣẹ́ wa. Àwọn ìgbín kéékèèké tó wà ní erékùṣù wa, tinú igbó àti tetí òkun, àwọn tí ò tó èékánná, àwa méjèèjì la jọ ń yẹ̀ wọ́n wò. A ó wo bí ìkarahun ṣe yí po, a ó wo ẹnu rẹ̀ bóyá ọ̀tún ló kọ sí àbí òsì, ká lè mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí. Ẹ̀gbọ́n lórí kunkun sí iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìdí òdòdó la ti lọ fà á jáde, ó ń tú abẹ́ ewé wò, ìyàwó sì ń dúró de bàbá. Ó láàánú pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ mi wà nílé ìwòsàn, òun ló ń wá jókòó tì í láràárọ̀, tó ń to ìkarahun sórí bẹ́ẹ̀dì títí ọmọ fi rẹ́rìn-ín.

Abẹ́ ìkarahun kọ̀ọ̀kan la máa ń fi pépà kékeré sí, tá a kọ ibi tá a ti rí i sí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ìkarahun tá ò mọ ibi tó ti wá, òkúta ni." Ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ gbé àpótí ìkarahun kan wá tí kò ní pépà, ẹ̀gbọ́n dá a padà lójú gbogbo wa.

Ìgbín funfun kékeré kan wà tó kọ ẹnu sósì. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló rí i láàyè rí. Ohun tó kọ sórí pépà rẹ̀ ni pé òkè ẹ̀yìn ilé iná etí òkun, èyí tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ lóru, lòun ti rí i. Mo lọ. Ọdọọdún ni mò ń lọ. Mo fàyà fà lábẹ́ àpáta, orúnkún mi bà jẹ́, ẹ ṣáà rí bí mo ṣe rìn jáde síbí. Ta ló ra bàtà tí mo fi ń gun òkè yẹn? Ẹ̀gbọ́n ni. Ta ló ń bi mí bí mo bá dé pé ṣé mo rí i? Ẹ̀gbọ́n ni. Á ní sùúrù ni, kí n tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ lé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ibùsùn àìsàn, ó di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò, kò sí lókè yẹn. Kò sí níbẹ̀ rí." Mo bi í pé níbo wá ló wà. Ó ní kí n fún òun lómi. Ó mu ún, ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Òótọ́ tó bá tiwa, ààbọ̀ ni.

Bàbá ọlọ́kọ̀ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ má wolẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tukọ̀ gbé e lọ síbi tó ti rí ìgbín yẹn gan-an. Mo wá bẹ̀ yín lánàá. Ẹ ní èmi gan-an ló ní kẹ́ ẹ má sọ fún. Ẹ ní ó sọ pé àwọn oníṣòwò ìkarahun ka ibi tá a kọ sórí pépà ìgbín pupa kan tá a rí lọ́jọ́sí, wọ́n sì ṣà á títí kò fi ku ẹyọ kan. Pé tóun bá sọ fún mi, bó ṣe rí ni màá ṣe kọ ọ́, torí mi ò lè parọ́ sórí pépà.

Ẹ̀yin èèyàn, ta ló kọ́ mi?

Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ pé kí n pa á mọ́ ni, ǹ bá pa á mọ́. Ẹ ò tiẹ̀ dán mi wò. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Bàtà yẹn rèé, mo gbé e wá. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ wa bára mu, ọ̀nà tẹ́ ẹ ń lọ sì jìn; ẹ wọ̀ ọ́.

Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ilẹ̀ tutù lẹ́sẹ̀ yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibodè, tí wọ́n bi yín pé níbo lẹ ti wá, ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ fún wọn.