Ọta Tó Gba Inú Táńkì Kọjá

Inú kẹ̀kẹ́ kan ní Sapele Road ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu bàbá ọdẹ kan àti ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn.

"Bàbá, ìbọn yẹn fúyẹ́, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọta ńlá ni mo fẹ́ máa fi sí i tí mo bá ń dọdẹ ọ̀yà."

"Fún ọ̀yà? Kí ló máa kù tí wàá sè? Ọta kékeré ni kó o rà."

"Èyí ńlá lágbára, bàbá. Mo dán an wò lẹ́yìn ilé wa l'Ógida láàárọ̀ yìí. Tọ̀hún-tìhín ló dá táńkì omi wa lu, ó sì wọ àgbàlá kejì lọ."

"Yéè! Ta ló wà ní àgbàlá kejì?"

"Mi ò tíì lọ wò."

Bàbá gbá oníkẹ̀kẹ́ léjìká. "Driver, abeg, turn back! Ogida!"