Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Kẹ́ríà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń dúró de ọkọ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ ní Láfẹ́nwá, mo gbọ́ tí tíṣà kan ń bá ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ sọ̀rọ̀.

"Títì ni mò ń gbà dé Ọ̀dẹ̀dá, kí n tó já sí ọ̀nà oko lọ sí ilé ìwé wa. Ọlọ́kadà kì í wọ ibẹ̀ mọ́."

"Tíṣà, ẹ fi èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín sílẹ̀, yanrìn á gbé e mì. Èyí tó fẹ̀ yẹn náà á dá yín lágara lórí títì. Ti àárín yìí ló bá ọ̀nà méjèèjì mu."

"Níbo lọmọ mi máa jókòó? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́, ilé ìwé kan náà la sì jọ ń lọ."

"Kò ní kẹ́ríà, sà. Irú èyí tó ní in kì í wọlé mọ́."

"Jẹ́ kí àwọn wẹ́dà jó kẹ́ríà mọ́ ọn."

"Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe irin. Bí wẹ́dà ibí bá fi iná kàn án, á yọ́ bí òrí ni. Mi ò ní tàn yín."

Tíṣà náà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Mo ti sọ fún ọmọ mi lánàá pé ọ̀rọ̀ bá a ṣe máa dé ilé ìwé ti yanjú. Bí mo ṣe ń jáde láàárọ̀ yìí, ó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń dúró dè mí."