Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Tí Mo Kọ́ Àbúrò Mi

Ọmọ àbúrò mi ti gbé àpò kejì jù síta kí n tó dé òkè àtẹ̀gùn. Aṣọ ìyá rẹ̀ fọ́n ká ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já sí ìsàlẹ̀. "Ẹ ti pa bàbá mi tán, ẹ tún fẹ́ jókòó sínú ilé rẹ̀? Ẹ bọ́ síta!" Ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ó dúró ti ògiri, ó mú ìgò oògùn ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé àsìkò lílò rẹ̀ ti tó, bẹ́ẹ̀ ọkọ náà ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀. Mo fi ọ̀pá mi dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Dáwọ́ dúró. Kì í ṣe òun. Èmi ni." Ọmọ náà wò mí. "Bàbá, ẹ jókòó, ara yín ò yá." Òótọ́ ni, ara mi ò yá. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ò ní kọjá oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dọ̀ ló lé mi gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún ọdún méjìlélógún, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ kí obìnrin yẹn sọ̀kalẹ̀, èmi àti ọ̀rọ̀ náà la jọ máa wọ ibojì. Mo jókòó, mo sọ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Àbúrò mi ni ẹni tó kú, ọmọ ìyá mi. Akànṣẹ́ ni. Òkúta ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo kọ́ ọ ní iṣẹ́. Èmi náà kan ẹ̀ṣẹ́ rí: ìjà mẹ́rìnlá, wọ́n lù mí nínú mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó rántí. Ṣùgbọ́n bí Òkúta bá borí, àwọn ènìyàn á nàka sí mi, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n Òkúta nìyẹn." Orúkọ tí mo ní nìyẹn, mi ò ní òmíràn. Orúkọ yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gé gíláàsì: àpò iyanrìn mẹ́ta tí a gbé kọ́, díńgí kan tó ti sán, òórùn òógùn. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀ṣẹ́. Èmi kọ́ Òkúta bí a ṣe ń gbà á, nítorí ìyẹn ni àwọn tó ń wòran fẹ́. Wọ́n á lù ú lórí, á dúró, á rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orí mi fọ ọwọ́ wọn," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, "ọwọ́ tiwọn ni yóò kọ́kọ́ wú." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Á gbé omi ka iná, á gbàgbé, ìkòkò á jó. Á wẹ̀ tán, á tún gbé ọṣẹ lọ wẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú. Ẹni tí kì í bínú di ẹni tó ń fọ́ àwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ó ja ìjà ìgbànú olúborí nígbà tí a lọ bá dókítà ẹgbẹ́ akànṣẹ́, nítorí ẹni tí dókítà ò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kò lè jà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún Òkúta: ọṣẹ, àkàbà, ẹṣin, abẹ́rẹ́, òjò. Ó bá a tàkúrọ̀sọ díẹ̀, ó ní kí ó kà wọ́n padà. Òkúta rántí ọṣẹ. Ó ní kí ó ka oṣù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Òkúta ka mẹ́ta, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọpọlọ kì í ṣe eegun," ó wí. "Eegun tó ṣẹ́ á so. Ọpọlọ rọ̀, inú agbárí ló sì ti ń gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá tún lù ú kí ọgbẹ́ náà tó san, ó lè má dìde. Mú un wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ṣì rí báyìí, kò ní jà." Mo mi orí bí àgbà. Nígbà tó lọ fọwọ́, mo mú bíròò orí tábìlì, mo kọ ọ̀rọ̀ márààrún sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ti mú akànṣẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ìwé ìbéèrè kan náà ló ń lò fún gbogbo wọn. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnì kan lè jí ọṣẹ àti àkàbà.

Mo gbìyànjú láti fi ẹnu kọ́ ọ. Kò ṣe é ṣe. Á gba méjì, á sọ méjì nù. "Ẹ̀gbọ́n, orí mi ń jò," ó wí. Mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí, mo gbé e sí ọwọ́. Òsì, ọṣẹ. Ọ̀tún, àkàbà. Òsì, ẹṣin. Ọ̀tún láti ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́. Òsì, òjò. Ó ń gbá àpò iyanrìn, ó ń pè é. Oṣù náà, orí okùn fífò ni mo ti kọ́ ọ: ó ń fò sẹ́yìn, ó ń ka sẹ́yìn. Ohun tí ọpọlọ kọ̀, apá gbà á. Inú mi dùn. Mo rò pé olùkọ́ ni mí lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó dáwọ́ dúró, ó gbé orí lé àpò iyanrìn. "Ẹ̀gbọ́n, kí lorúkọ ọmọ mi?" Mo sọ fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ẹ má sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo bi yín o." Mo ní mi ò ní sọ. Nínú gbogbo ìlérí tí mo ṣe fún un, èyí tó yẹ kí n yẹ̀ ni mo mú ṣẹ.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ náà, ó pọn ọmọ. Ọmọ kò tíì pé ọdún méjì. "Ẹ̀gbọ́n, ó sọnù lánàá. Láti ibí yìí sílé, ojúlé mẹ́sàn-án. Ọlọ́pàá ló mú un wá." Mo ní, "Ọkùnrin wo ni kì í ṣìnà ilé, bí ariwo ìyàwó bá ń dúró dè é níbẹ̀?" Àwọn tó ń fo okùn bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi mí ṣẹ̀sín, kò burú. Ẹ ṣá jẹ́ kí n tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún un." Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni. Irọ́ ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà bi Òkúta, Òkúta dáhùn. Mo rí ìkúùkù rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, òsì, ọ̀tún, òsì. Dókítà kò rí i. Ó fọwọ́ síwèé, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn. Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin náà pọn ọmọ lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀sán fi pọ́n kí wọ́n tó sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti wá, ó ti lọ. Ó gba ibi iṣẹ́ wa wá. Ó tu itọ́ sílẹ̀ níwájú mi. "Kò ní dára fún yín." Mo ní kí wọ́n tì í síta.

Ọ̀sán Sátidé ni ìjà náà. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Òkúta bì. Ó ní orí ń fọ́ òun bí ìgbà tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn pa mọ́ òun létí. Ọkùnrin tó ń gbé omi fún wa, Oníbọ́kẹ́ẹ̀tì, wò mí. "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe ẹ̀rù o." Mo ní, "Nù ún." Ó nù ún. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí agogo ìparí ráùńdì karùn-ún dún, Òkúta rìn lọ sí igun ẹni tó ń bá jà, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Mo lọ fà á wá. Dúdú ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fẹ̀ ju ti òsì lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta là ń bá jà?" Oníbọ́kẹ́ẹ̀tì di apá mi mú. "Ọ̀gá, ẹ ju tówẹ̀lì síbẹ̀, kí wọ́n dá ìjà dúró. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Mo ká tówẹ̀lì náà, mo fi sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé e. Rẹfirí ń bọ̀ wá bi í bóyá ó mọ ibi tó wà. Mo ti sọ ìdáhùn sí i létí kí ó tó dé. Rẹfirí lọ. Òkúta kò dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àbúrò mi ní ká lọ sílé. Mo fi ẹnu kan etí rẹ̀, mo ní, "Ọkùnrin yẹn ló lu ìyá wa." Ìyá wa wà nílé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n orí Òkúta kò lè ya irọ́ sọ́tọ̀ mọ́. Nítorí pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Ó dìde bí iná. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi wó lulẹ̀.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Rárá. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n la agbárí rẹ̀, wọ́n gbọ́n ẹ̀jẹ̀ jáde. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà jáde wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ tuntun wà níbẹ̀, ti àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹnì kan ti mọ̀ ṣáájú òní pé ara ọkùnrin yìí ò yá." Mo wo ògiri. Ìyá wa dé, ó ń pariwo: "Kí ló ṣe ọmọ mi?" Ìyàwó Òkúta jókòó níbẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó gbé ojú sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ṣáájú rẹ̀. Mo ní, "Ó bì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ló jẹ kẹ́yìn." Òótọ́ ni méjèèjì. Òótọ́ méjì ni mo fi mọ irọ́ kan, pé ó fi nǹkan sí oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Ìyá wa já ọmọ náà gbà lẹ́nu ọmú. Wàrà rọ́ sí obìnrin náà láyà. Ìyá wa ní, "Ìwọ tó bà á jẹ́, ìwọ ni wàá máa nu ìdí rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ọkọ fún un, tí wọ́n gba ọmọ. Ilé mi ni wọ́n gbé ọmọ wá. Ìyàwó mi tọ́ ọ. Nígbàkígbà tó bá béèrè ìyá rẹ̀, mo máa ń ní, "Ìyá tó pa bàbá rẹ lóòyẹ̀ ni o ń béèrè?" Oníbọ́kẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ó dákẹ́ nítorí pé èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Fún ọdún méjìlélógún, obìnrin náà fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara rẹ̀ má bàa jẹrà. Òkúta kò tún sọ gbólóhùn kan tó pé mọ́. Èmi ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Obìnrin náà máa ń kí mi káàbọ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọ náà lóṣòó sáàárín aṣọ tó fọ́n ká. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?" Ìyá rẹ̀ ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ta ni ì bá gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Orúkọ ọmọ tó gbàgbé yẹn, èmi ni ì bá sọ fún un." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi há sí ìdajì, mo rọ̀ mọ́ ọ̀pá. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá ṣubú, èmi náà ni wọ́n á ní kí n wá gbé yín." Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn. Láti kékeré, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Jáde. Má padà wá."

Mo jáde. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ. Wọn ò fún mi, mi ò sì bá wọn jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìjà, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ fún dókítà. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ní ẹ jẹ́ ká lọ sílé, ẹ mú un lọ sílé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá wá bá yín, ẹ má rẹ́rìn-ín, kí ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá kó ẹrù rẹ̀ ní ilé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo wà ní yàrá kejì, kò kí mi. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nìkan ló kù.