Mo Ní Géèjì Yẹn Dáa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo ní àbúrò kan ní ìlú Torino níbí tó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, èmi ni mo sì fi ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Délé. Ọdún tí mo dé ìlú yìí ni a pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ìyàwó mi kú nílé tí n kò lè lọ sin ín nítorí ìwé ìgbélùú, òun ló wá sùn sí yàrá mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò jẹ́ kí n dá wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sí. N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n eléyìí ti wúwo jù fún mi láti dá gbé.

N kò kàwé lọ títí. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti kúrò níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí mo dé ibí, mo gbé ẹrù, mo fọ ilẹ̀, kí ọkùnrin ará Italy kan tó gbà mí sí officina rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, ní ìpẹ̀kun ìlú. Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ ni pé kí á fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọ̀gá ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe tirẹ̀. Èmi ń pààrọ̀ epo, mò ń fọ irin, nígbà tó yá ó kọ́ mi níṣẹ́ géèjì. Ó ní bí a bá ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, géèjì tó bá ọkọ̀ wá kò tó mọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ á kàn dúró sí àárín bí inú ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ ń jó. Nítorí náà a máa ń fi géèjì mìíràn síwájú awakọ̀, tí yóò máa sọ bí epo inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n géèjì kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Irin kékeré kan tó wà nínú epo, tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀, ló ń sọ fún un, sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń sọ tirẹ̀. Àfi kí á mú àwọn méjèèjì bára mu. Bébà tó wà nínú páálí máa ń sọ bí a ó ṣe ṣe é, àmọ́ ọ̀gá mi kò fọkàn tán bébà. Ìkòkò kékeré kan wà lórí gáàsì níbẹ̀. A ó da epo sí i, a ó dáná sí i, a ó ti sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú tẹmómítà, a ó sì máa wò ó bóyá ohun kan náà ni géèjì àti tẹmómítà ń sọ. Bí wọn kò bá sọ ohun kan náà, a ó máa yí iye tí a fi sínú géèjì títí wọn yóò fi sọ ọ́. Èmi tí n kò lè ka bébà wọn, mo fẹ́ràn ìkòkò yẹn. Kò di ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ka nǹkan fún mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe é, kò sí ọkọ̀ kan tó padà wá pẹ̀lú ẹjọ́.

Délé ń ṣiṣẹ́ ní magazzino kan ní Novara, ilé ìkẹ́rù ńlá tí wọ́n ti ń to páálí. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó sì ń fi gbé àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kún inú rẹ̀, ọkọ̀ náà kì í lè sáré dáadáa lórí autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ló bá ní kí a bá òun fi agbára kún un. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní láti wọṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ti parí tirẹ̀, ó ti lọ jẹun. Ó ku géèjì. Délé ń fi mí yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn òyìnbó á máa wo bébà, ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n tèmi fi ń mọ̀ ọ́n." Orí mi wú. Mo tan gáàsì, mo gbé ìkòkò kaná. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìkòkò kẹ̀? Injiníà, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè fún wa ni? Capo wa, ọ̀gá ibi iṣẹ́, ò gba àwáwí o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Délé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú tì mí. Mo wo sẹ́ńsọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, ó jọ èyí tí mo fi sí ọkọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú bí ìbejì. Mo pa gáàsì. Mo de sẹ́ńsọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo sì fi iye tí mo fi sí ọkọ̀ tọjọ́sí sí géèjì yìí láti orí, láìdán an wò. Délé ní, "Ṣé ó ti parí, ẹ̀gbọ́n?" Mo ní ó ti parí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, òórùn kan ń jáde nínú ọkọ̀ yìí bí ìgbà tí oúnjẹ bá jó mọ́ ìdí ìkòkò. Àmọ́ géèjì ní kò gbóná o."

Mo ní, "Ta ló ṣe géèjì?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kí ló wá kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán nìyẹn. Mo kàn ní kí n bi yín ni."

Lọ́jọ́ kẹta ó tún pè. Abẹ́ ọkọ̀ kan ni mo wà. Mo ní epo tuntun ló ń jó kúrò lára irin, kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Irọ́ ni. N kò mọ ohun tó ń rùn. Ẹ má bi mí ìdí tí kò fi gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì mìíràn. Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ bó ṣe rí láàárín wa ni? Tó bá gbé e lọ, yóò dà bíi pé ó ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ àárọ̀ ní Novara, ẹ́ńjìnnì náà gan lójijì láàárín ọ̀nà, ọkọ̀ akẹ́rù sì kọlù wọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò kú. Apá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kán, ìbàdí Délé sì fọ́. Ẹni tí àwọn inṣọ́ránsì rán wá yẹ ẹ́ńjìnnì wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń gbóná jù, pé awakọ̀ rí i, kò dúró. Géèjì ti fọ́ túútúú níbi ìjàǹbá náà, kò sí ẹni tó lè dán an wò mọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọsibítù ni Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ó ń búra pé géèjì ò gbóná rárá. Ṣé géèjì yẹn dáa?" Mo rántí ìkòkò. Mo rántí contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ìwé ìgbélùú mi dúró lé. Mo ní, "Ó dáa." Ó padà wọlé sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì péré yẹn ló ba ilé wọn jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí géèjì sì dáa, a jẹ́ pé Délé ló ń purọ́. Bùkọ́lá gbà pé ó rí i, pé eré sísá ló wù ú, ó sì fẹ́ sọ òun di opó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ẹni tí apá rẹ̀ kán kì í dáhùn ìkíni Délé mọ́. Délé á jókòó sórí àga, á máa sọ pé, "Mi ò rí i. Ọlọ́run rí mi, mi ò rí i." Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá gbójú sókè, ó sì bi í lédè Italy pé, "Papà, l'hai vista o no?", pé ṣé ó rí i àbí kò rí i. Délé wo ọmọ náà. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò kì í purọ́." Mo ní bàbá rẹ kì í purọ́. Ọmọ náà padà sídìí ìwé rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe gbà mí gbọ́?

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọ̀gá lọ jẹun, mo mú sẹ́ńsọ̀ irú ti Délé, ọ̀kan ṣẹ́kù nínú páálí. Mo fi iye ọjọ́ náà sí géèjì kan, mo gbé ìkòkò kaná. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, tẹmómítà ti lọ jìnnà, ọwọ́ géèjì ṣì dúró sí ibi tí ọkàn awakọ̀ ti máa ń balẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí èéfín fi kún ṣọ́ọ̀bù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gun àtẹ̀gùn ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bínú, kò pariwo. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnnì. Bùkọ́lá jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Délé ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Bùkọ́lá padà lọ pa iná, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Délé kò wo ojú mi. Ó ní, "Mo bi yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín."

Mo sọ fún ọ̀gá mi, mo sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sí fún àwọn inṣọ́ránsì. Ọ̀gá ní kí n máa lọ, n kò dá a lẹ́bi. Àpótí èso ni mò ń gbé ní ọjà Porta Palazzo báyìí. Délé kì í gbé fóònù mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n kọjá níwájú mi nínú ọjà, Bùkọ́lá di apá rẹ̀ mú, ọmọ wọn ń gbé tòmátì. Délé rí mi. Ó dúró, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà," bí ènìyàn ṣe ń kí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń bẹ ènìyàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n tún lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá? Ọkàn mi balẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti gbà á gbọ́, ìyẹn nìkan ni mo rí dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n, níbikíbi tí ẹ bá wà, bí àbúrò yín bá bi yín ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má dá a lóhùn láti ibi tí ẹ wà. Ẹ dìde, kí ẹ lọ wò ó.