Ajọ̀ Mẹ́ta Tí Wọ́n Jù Sí Gọ́tà

Àpò ọṣẹ oníyẹ̀fun mọ́kànlélógún ni wọ́n dá padà láti ọjà Kejetia láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ tó fẹ́ kó òmíràn sì ti wà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Santasi. Alhaji, ọ̀gá wa, ní ọkọ̀ náà kò ní gbéra àfi bí òun bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tòkè àpò kò hó rárá, tìsàlẹ̀ sì ń bó àwọn obìnrin lọ́wọ́. Èmi mọ ìdí rẹ̀. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó rán ẹnu àpò kan ṣoṣo pa, mi ò sì sọ fún Alhaji.

Mi ò kàwé púpọ̀, ọwọ́ ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí. Kí a tó po ọṣẹ, màá to ajọ̀ mẹ́ta léra, èyí tójú rẹ̀ fẹ̀ jù lókè, èyí tójú rẹ̀ há jù nísàlẹ̀. Màá da ife kan sí i nínú iyọ̀ tí a fi ń po ọṣẹ, màá gbọ̀n ọ́n, màá wo ibi tó dúró sí. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ fún sódà náà, èyí tó máa ń bó èèyàn lọ́wọ́ bó bá pọ̀ jù. Bí iyọ̀ bá dúró sókè, tí sódà já lọ sísàlẹ̀ pátápátá, a ò ní pò wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n wọ́n lọ sọ́jà, èyí tó kúnná á máa yọ́ gba àárín èyí tó rí hóróhóró, títí táá fi lọ kó jọ sídìí àpò. Fún ọdún mẹ́rin, àpò kan ò padà.

Ìgbà náà ni Muniru, àbúrò ìyàwó Alhaji, ti ilé ìwé dé, wọ́n fi í ṣe olórí wa. Nígbà tí iyọ̀ tuntun wọlé, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì sọ fún un pé òun àti sódà yóò pínyà nínú àpò. Ó rẹ́rìn-ín. "Sista Gàrí, ṣé ẹ̀bà lo fẹ́ tẹ̀ fún wa ni? Gyae, gyae, fi nǹkan yẹn sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń po ọṣẹ báyìí." Ó ju ajọ̀ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí gọ́tà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Ṣé kò yẹ kí n lọ bá Alhaji? Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ṣọ́bìrì ni mo mú, mo bá Muniru kó iyọ̀ náà sẹ́nu ẹ̀rọ dáadáa. Mo fẹ́ kí ojú tì í níwájú ẹni tó gbé e sípò.

Ojú sì tì í. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ní bóyá àwọn obìnrin Kejetia ni kò mọ aṣọ fọ̀. Mo lọ mú ajọ̀ tí mo ti ṣà nínú gọ́tà tí mo sì fọ̀, mo da iyọ̀ àti sódà sí i, mo gbọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn. Iyọ̀ jókòó sókè, sódà já sísàlẹ̀. "Mo sọ fún un, Alhaji," ni mo wí. Mi ò sọ èyí tó kù. Alhaji ní kí Muniru kó kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ fún mi, nígbà tó sì ń tú u kúrò ní bẹ́líìtì rẹ̀, mo bi í pé, "Bùrọ́dá, ṣé kí n tẹ ẹ̀bà náà?" Ó dùn mọ́ mi dé eegun. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi, tó ń bá àwọn èèyàn fọṣọ, na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. "Ọṣẹ yín ni mo rà," ló wí. "Ìdí àpò ni wọ́n wọ̀n fún mi. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ló ń ṣe é."

Muniru ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ìyá mi kò tíì jinná, èmi ni mò ń bá a fọṣọ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sì tíì mọ̀ pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.